Ta Ni Olùṣọ́ Àwọn Ọmọ Létí Omi?

Bí àwọn Mùsùlùmí bá ti kírun yídì tán, tí wọ́n sì ti pín ẹran Iléyá fún ará ilé àti aládùúgbò, ohun tí ó máa ń gba ọkàn àwọn ọmọdé ni ibi tí wọn yóò ti lọ najú. Láti Mọ́níyà àti àwọn abúlé Akínyẹlé, láti Ìyànà Ọ̀fà àti Lálúpọn ní Lágelú, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Akáǹrán ní Ọ̀nà-Àrà, àwọn ẹbí a máa kó ara wọn jọ sínú bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ọdún. Àwọn kan a gba ọ̀nà Ifẹ̀ lọ wo omi Aṣejíré, níbi tí wọ́n ti fi dáàmù sé Odò Ọ̀ṣun. Àwọn mìíràn a lọ sí Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí Odò Ọ̀nà ti di adágún láti ọdún 1942. Àwọn tí agbára wọn gbé e, pàápàá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ti dá owó jọ, a gba òpópónà márosẹ̀ lọ sí etí òkun ní Èkó. Bar Beach ni gbogbo ayé mọ̀ nígbà kan rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi iyanrìn lé òkun sẹ́yìn níbẹ̀ láti kọ́ Eko Atlantic, Elegushi, Oniru àti Tarkwa Bay ni àwọn èrò ọdún ń kọrí sí.

Ohun rere ni. Ẹ̀sìn kò ka ìnàjú tí ó mọ́ léèwọ̀, ẹbí tí ó bá sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yóò rántí ara wọn nígbà ìṣòro. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi olórí ẹbí àti alága ẹgbẹ́ kí bọ́ọ̀sì tó ṣí: ta ni yóò máa ṣọ́ àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá dé etí omi? Ìdáhùn tí ó sábà máa ń jáde ni pé, "Gbogbo wa ni." Ìdáhùn yìí gan-an ni ewu náà.

Bí ènìyàn bá wo ìwé ètò ìrìn-àjò ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, yóò rí orúkọ ẹni tí yóò ra ìrẹsì, ẹni tí yóò bójú tó jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹni tí yóò gba owó bọ́ọ̀sì, ẹni tí yóò ṣe wáàsí, àti ẹni tí yóò darí ìdíje kéwú. Wọn kì í fi èyíkéyìí nínú iṣẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀ fún "gbogbo wa", nítorí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ tí kò bá ní olórúkọ, kò sí ẹni tí yóò ṣe é. Ẹ̀mí àwọn ọmọ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bàbá rò pé ìyá ń wò wọ́n. Ìyá, tí ó ń bu oúnjẹ fún ogún ènìyàn, rò pé àbúrò ọkọ òun ń wò wọ́n. Àbúrò ọkọ ń ya fọ́tò. Àwọn àgbà Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí àgbà bá pọ̀ lọ́jà, tí olúkúlùkù sì gbà pé ẹnìkejì òun ti rí orí ọmọ náà, orí ọmọ yóò wọ́ lójú gbogbo wọn.

Àṣìṣe kejì ni èrò pé ọmọ tí ó bá ń rì yóò pariwo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn jókòó sí ìdí oúnjẹ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ nítorí pé wọn kò gbọ́ igbe. Omi kì í pa ọmọdé bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ń rì ń wá èémí, kò sì sí ẹni tí ó lè ké láìní èémí. Ẹnu rẹ̀ a wọ omi, a tún yọ díẹ̀, a tún wọlé. Apá rẹ̀ a máa tẹ omi sísàlẹ̀ bí ẹni tí ń gun àkàbà tí kò sí níbẹ̀. Kò lè juwọ́ pe ẹnikẹ́ni. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó lè ti lọ sísàlẹ̀. Ẹni tí ó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí i lè rò pé eré ni ó ń ṣe. Nítorí náà, etí kò tó fi ṣọ́ ọmọ létí omi. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni a gbọ́dọ̀ fi ṣọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ayé. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024, wọ́n ṣírò pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó kú sómi ní ọdún 2021. Nínú ẹni mẹ́rin tí omi pa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ikú wọ̀nyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, irú Nàìjíríà.

Àwọn omi tí àwọn ẹbí agbègbè Ìbàdàn ń lọ kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Òkun Èkó ní ìwà tirẹ̀. Omi tí ìgbì bá gbé wá sórí iyanrìn gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń gba ojú kan tóóró padà sínú agbami pẹ̀lú ipá tí ó lè gbé àgbàlagbà tí ó mọ odò wẹ̀. Ojú ibi tí ìgbì kò ti fi bẹ́ẹ̀ fọ́, tí omi dà bí ẹni pé ó rọlẹ̀ láàárín ìgbì méjì, ni ó sábà máa ń jẹ́ ojú ọ̀nà ìpadà náà. Àjòjì tí ó ti abúlé wá ni yóò wo ibẹ̀ tí yóò ní, "Ibí ni ó rọrùn fún àwọn ọmọ." Ẹni tí omi bẹ́ẹ̀ bá gbé kò gbọ́dọ̀ bá a jà láti padà tààrà sí èbúté, nítorí àárẹ̀ ni yóò pa á. Kí ó léfòó, kí ó gbé ọwọ́ sókè, kí ó sì máa wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etí òkun, títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó wá kọjú sí iyanrìn.

Omi dáàmù yàtọ̀. Kò ní ìgbì, nítorí náà ó ń tan ènìyàn jẹ. Bèbè rẹ̀ lè jìn lójijì: ọmọ tí omi dé orúnkún rẹ̀ níbí, ìṣísẹ̀ méjì sí i, omi ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ a máa di ẹsẹ̀ mú, koríko orí omi, irú èyí tí ó ti yọ Ẹlẹ́yẹlé lẹ́nu, a sì máa lọ́ mọ́ apá àti itan. Odò abúlé ní tirẹ̀ lè mọ ní kókósẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó sì di ìkún omi kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, nítorí òjò tí ó rọ̀ ní òkè odò, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó ń ṣeré kò dé.

Àwọn ará Ìbàdàn kò níláti jìnnà kí wọ́n tó mọ ohun tí omi lè ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Odò Ògùnpa kún bo ìlú, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àwọn odò ìlú náà tún kún, ẹ̀mí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún sì tún bá a lọ. Inú Ramadan ni ti 2011 bọ́ sí. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìtùnú Ààwẹ̀. Ká ní òjò náà dúró di ọjọ́ mẹ́rin péré ni, àwọn ọmọ ì bá ti wà níta nínú aṣọ ọdún.

Ẹ̀kọ́ kan fara pamọ́ níbẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ju ẹnikẹ́ni lọ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Ọdún tí a ń fi oṣù ojú ọ̀run kà máa ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún. Iléyá 2018 bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, nígbà tí odò ń kún. Ti 2025 bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Yóò sì máa sún lọ títí yóò fi wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé, "Ibi tí a lọ lọ́dún kan ni a óò tún lọ, kò séwu níbẹ̀ nígbà náà," kò tí ì sọ nǹkankan. Ibi kan náà ni, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ lè má jẹ́ omi kan náà mọ́.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ìdáhùn méjì ni ó sábà máa ń di ìbéèrè mọ́lẹ̀. Àwọn kan a ní olúwẹri tàbí àǹjọ̀nú odò ni ó gba ọmọ, pé odò náà a máa bèèrè ẹ̀mí kan lọ́dún. Ẹni tí ó bá gbà pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó ni ẹ̀mí kò gbọ́dọ̀ fi irú ọ̀rọ̀ yìí tu ara rẹ̀ nínú. Yàtọ̀ sí pé ó ba ìgbàgbọ́ jẹ́, ó tún ń pa ọmọ mìíràn, nítorí bí àwọn ènìyàn bá ti gbà pé àǹjọ̀nú ni, kò sí ẹni tí yóò lọ wo bí bèbè náà ti jìn tó, kò sì sí ẹni tí yóò fi ọgbà yí i ká.

Àwọn kejì a ní, "Kádàrá ni. Ọlọ́jọ́ dé." Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó mú ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ lọ́wọ́. Kádàrá wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ilé-kéwú ni ó ti kọ́ ọ pé ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run a kọ́kọ́ so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n sì ti kọ́ ọ pé olúkúlùkù ni olùṣọ́, a ó sì bi í léèrè nípa ohun tí ó ń ṣọ́. Lóòótọ́, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ka Mùsùlùmí tí omi gbé lọ mọ́ àwọn tí ó kú ikú ṣàhídì. Ìtùnú ńlá ni èyí fún ìyá tí ń sunkún. Kì í ṣe àwáwí fún ìgbìmọ̀ tí kò yan olùṣọ́. Ẹni tí ó fi mọ́tò tí kò ní bíréèkì kó èrò kò lè sá sábẹ́ kádàrá. Kí ni ìdí tí ẹni tí ó kó ọmọ lọ sétí òkun láìsí olùṣọ́ yóò fi sá síbẹ̀?

Àwọn òbí mìíràn rò pé àtúnṣe kan ṣoṣo ni kí a fi òfin de gbogbo ìrìn-àjò sétí omi. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìfẹ́ nínú, ṣùgbọ́n kò lè gba ọmọ là. Ọmọ oko kò lè sá fún omi: yóò pọn ọ́n, yóò sọdá a lọ sílé-ìwé, yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dẹ ìwọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó mọ omi lójú àgbà yóò lọ mọ̀ ọ́n lẹ́yìn àgbà. Orílẹ̀-èdè Bangladesh, tí Mùsùlùmí pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí adágún sì wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún jọ sí ibi ìtọ́jú kan láàárọ̀, ní àkókò tí ọwọ́ ìyá wọn dí. Wọ́n sì ń kọ́ àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ ní odò wíwẹ̀ nínú adágún abúlé tí wọ́n fi ọparun pààlà sí. Ìwádìí fi hàn pé ikú omi dín kù gidigidi láàárín àwọn ọmọ tí ètò náà kàn. Ní ọdún 2022 ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí ètò láti dá 8,000 irú ibi ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún 200,000 ọmọ. Ọparun wà ní Lágelú. Àgbà obìnrin tí ó lè ṣọ́ ọmọ mẹ́wàá fún wákàtí mẹ́rin wà ní Akínyẹlé.

Kí a má ṣe yọ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí lórúkọ ìtìjú. Omi kò bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin kí ó tó gbé e. Ìgbà tiwọn lè yàtọ̀, olùkọ́ wọn lè jẹ́ obìnrin, aṣọ wọn lè bo ara. Gbogbo èyí ṣeé ṣe. Ohun tí kò yẹ ni kí jálámíà gígùn tàbí híjáàbù ńlá wọ omi pẹ̀lú ọmọdé, nítorí bí ó bá mu omi tán, ó ń wúwo, ó sì ń fa ọmọ sísàlẹ̀. Ṣòkòtò àti ẹ̀wù fífẹ́lẹ́ tí kò gùn kọjá orúnkún, pẹ̀lú ìborí kékeré tí a so dáadáa, bo ara, kò sì di ẹsẹ̀.

Kí ni kí ẹbí tàbí ẹgbẹ́ ṣe, nígbà náà? Ohun àkọ́kọ́ kò náni ní kọ́bọ̀. Kí a kọ orúkọ àwọn olùṣọ́ omi sínú ìwé ètò, kí a kọ wákàtí olúkúlùkù sí i, kí a sì pààrọ̀ wọn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí ojú a máa rẹ̀. Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹun, kò gbọ́dọ̀ tẹ fóònù, kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni jiyàn ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Kí ó ní àmì kan lọ́wọ́, bí fèrè tàbí aṣọ pupa, tí yóò fi lé ẹni tí ó kàn lọ́wọ́ kí ó tó kúrò níbẹ̀. Àwọn bàbá àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin gbọ́dọ̀ wà nínú ètò yìí. Kò tọ́ kí ìyá tí ó wà nídìí ìkòkò tún jẹ́ olùṣọ́ òkun.

Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún kò gbọ́dọ̀ jìnnà ju ibi tí ọwọ́ àgbà lè tẹ̀ ẹ́. Kí a pín àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ sí ọ̀wọ̀ọ́ márùn-ún márùn-ún pẹ̀lú àgbà kan, kí a kà wọ́n kí wọ́n tó wọ omi, kí a kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá jáde, kí a sì tún kà wọ́n kí bọ́ọ̀sì tó ṣí. Kí aṣọ wọn jẹ́ pupa, òféèfèé tàbí àwọ̀ ọsàn, nítorí aṣọ funfun àti aláwọ̀ búlúù ń sọnù sínú omi. Túùbù táyà kì í ṣe ẹ̀wù ìléfòó. Atẹ́gùn lè gbé e lọ sáàárín agbami, ọmọ sì lè yọ́ bọ́ láàárín rẹ̀. Kí a bi ará ibẹ̀ léèrè ibi tí kò léwu kí ọmọ kankan tó bọ́ bàtà.

Ẹni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay gbọ́dọ̀ rí i pé ẹ̀wù ìléfòó kan wà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, tí ó sì mọ ní ìwọ̀n ọmọ. Bí kò bá tó, kí a dúró de ọkọ̀ mìíràn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ọkọ̀ kan dojú dé ní Bagwai ní ìpínlẹ̀ Kano pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-kéwú tí ń lọ sí ayẹyẹ Mọ́lídì. Ó lé ní ogún tí ó kú. Ohun ayọ̀ ni wọ́n ń lọ ṣe.

Bí ọmọ bá sì ń rì, kí àgbà má ṣe fi ìpayà bẹ́ sínú omi tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òkú méjì ni wọ́n ń gbé jáde, ti ọmọ àti ti ẹni tí ó fẹ́ gbà á. Kí ó na igi tàbí ọparun sí i. Kí ó ju okùn, tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé ní ìdérí, sí i. Kẹ́ẹ̀gì méjì àti okùn gígùn kan gbọ́dọ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì gbogbo ẹgbẹ́ tí ń lọ sétí omi.

Nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ jáde, kí wọ́n má ṣe dorí rẹ̀ kodò, kí wọ́n má ṣe tẹ ikùn rẹ̀ láti pọ omi jáde. Ìṣẹ́jú tí ó ṣọ̀wọ́n ni èyí ń gbà. Èémí ni ó ń wá. Bí kò bá mí, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, kí wọ́n gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kí wọ́n di imú rẹ̀, kí wọ́n sì fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí kò bá tí ì sọjí, kí wọ́n tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 30, kíákíá, tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n fẹ́ èémí méjì, kí wọ́n sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń pe 112, títí èémí yóò fi padà tàbí tí oníṣègùn yóò fi dé. Bí ó bá tilẹ̀ sọjí, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, nítorí omi tí ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró lè ṣe é níbi lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ẹgbẹ́ Red Cross Nàìjíríà a máa kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ yìí. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, láti lọ kọ́ ọ.

Àwọn kan lè sọ pé ìlànà yìí yóò ba adùn ọdún jẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2024, àwọn ọmọdé rọ́ lọ sí ibi ayẹyẹ kan tí a ṣe fún wọn ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn. Èrò pọ̀ ju bí ààyè ti lè gbà lọ, ọmọ 35 sì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà. Omi kò sí níbẹ̀ rárá. Ìdùnnú ọmọdé kò lè ṣọ́ ara rẹ̀; àgbà ni ó ń ṣọ́ ọ, ètò sì ni ó ń fi ṣọ́ ọ. Ẹbí tí ó ka ọmọ mẹ́jọ lọ, tí ó sì ka mẹ́jọ bọ̀, ni ó jẹ adùn ọdún.

Ọ̀dọ́ ni ó kù tí ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ni wọ́n ń kọ ìwé ètò, àwọn ni wọ́n ń gba bọ́ọ̀sì, àwọn ni ojú wọn ríran jù nínú ẹbí. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ilé: kí wọ́n wo kànga tí kò ní ìdérí ní àdúgbò mọ́sálásí wọn, kí wọ́n dé e, kí wọ́n sọ fún àwọn ìyá pé garawa omi tí ó kún lè pa ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ìwé ètò ọdún tí ń bọ̀ bá wà níwájú wọn, kí wọ́n fa ìlà kan sí i lókè orúkọ ẹni tí yóò ra ìrẹsì, kí wọ́n sì kọ síbẹ̀ pé: olùṣọ́ àwọn ọmọ létí omi. Kí wọ́n má ṣe fi ààyè orúkọ náà sílẹ̀ lófìfo.

Kí Ọlọ́run Ọba Allāhu dá ẹ̀mí àwọn ọmọ sí, kí Ó sì fún àwọn àgbà ní ojú tí kì í tòògbé lórí wọn. Àmín.